Gìtá Tó Ń Bú Ramúramù ní Òkè-Baálẹ̀

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Òṣogbo mọ̀ pé gìtá jùjú ni mò ń ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òde bá sì wà, mo máa ń tẹ̀lé olórin lọ. Ohùn tí àwa onígìtá jùjú ń wá kò ṣòro sọ: kó mọ́ gaara, kí etí lè ya okùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi ya àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu pé mo lọ ra áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ heavy metal, ìyẹn orin rock tó máa ń bú ramúramù, áńpù tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ba ohùn jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Inú yàrá mi ni mo fẹ́ máa ti gba orin sílẹ̀. Sítúdíò tí à ń sanwó rẹ̀ ní wákàtí wákàtí kì í jẹ́ kí èèyàn fara balẹ̀. Bí mo bá ti ń wo aago, ọwọ́ mi á le. Ilé ló sì dára jù, àfi pé ilé wa kò dákẹ́. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ wà lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá níwájú, ìpè àdúrà ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ̀, ìsọjí ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀. Bí mo bá gbé makirofóònù síwájú sípíkà, gbogbo àdúgbò ni yóò bá mi kọrin. Áńpù tó lè ti ara wáyà wọ inú kọ̀ǹpútà tààrà ni mo nílò, kí n lè máa ta gìtá láàárín òru kí ìyá onílé má sì mọ̀ pé mo jí.

Èyí tí mo rí, owó rẹ̀ kò tó ti fóònù tòkunbọ̀ tó dáa. Èkó ni ẹni tó tà á wà. Ó wéébíìlì rẹ̀, mo sì lọ gbà á ní Old Garage. Ọwọ́ kan gbé e. Adápítà bíi ti laptop ló ń lò, ó ní ibi tí à ń ki headphone sí, ó ní ojúhò tí à ń pè ní send àti return lẹ́yìn, níbi tí ohùn ti lè jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà, kó sì padà wọlé, bọ́tìnì tí à ń yí kò sì ju mẹ́ta lọ: gain (ìwọ̀n bí áńpù ṣe ń gbé ohùn tó wọlé sókè), tone àti volume. Tube kan péré, ìgò kékeré tó ń gbé ohùn sókè, ló wà níwájú rẹ̀, 12AX7, tó ń tàn rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn asẹ́ irin. Transistor ló ń ṣe iṣẹ́ agbára tó kù. Wáàtì 20 ni wọ́n kọ sí i lára.

Ọ̀rọ̀ wáàtì yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn onígìtá wa máa ń rò pé áńpù wáàtì 100 á pariwo tó ìlọ́po márùn-ún ti wáàtì 20. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí etí tó sọ pé ariwo di ìlọ́po méjì, agbára ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 20 àti 100 kò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí à ń fi wọn ariwo) 7 lọ. Fún ẹni tó fẹ́ máa gba ohùn sílẹ̀ nílé, wáàtì 20 ti pọ̀ jù pàápàá. Kì í ṣe wáàtì ni mo rà. Gain ni mo rà.

Ohun tó ti ara okùn gìtá jáde kéré gan-an, iná rẹ̀ kì í sábà tó fóltì (volt) kan. Tube bíi 12AX7 ni yóò gbé e sókè. Nínú ìgò kan ṣoṣo yẹn, yàrá iṣẹ́ méjì ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sọ ohùn di ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Bí wọ́n bá fi èyí tó ti ara ti àkọ́kọ́ jáde bọ́ ti èkejì, tí èkejì náà tún bọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgbì ohùn á ga títí orí rẹ̀ á fi kan àjà. Àjà kì í sún. Orí ìgbì náà á gé pẹrẹsẹ, ibi tó ti gé yẹn ni àwọn ohùn tuntun tí kò sí lára okùn tẹ́lẹ̀ ti ń yọ. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní distortion. Wọ́n sá fún un títí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ní 1964, ọmọkùnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dave Davies tó wà nínú ẹgbẹ́ Kinks, fi abẹ ya ìwé sípíkà rẹ̀ kó lè rí ohùn tó ha. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni Jim Marshall, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìlù ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í ta áńpù tí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo ti ilé iṣẹ́ Fender ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Randall Smith ní California fi ipele gain kún áńpù Fender kékeré, ìyẹn sì bí ilé iṣẹ́ áńpù Mesa/Boogie. Nígbà tó fi máa di 1992 tí ilé iṣẹ́ Peavey gbé áńpù 5150 jáde pẹ̀lú Eddie Van Halen, ipele gain ti tò léra débi pé bí èèyàn bá kàn fọwọ́ kan okùn, ilé á mì.

Ẹni tó bá ní ohùn báyìí kì í ṣe tiwa, kó wá àwo BLO, ẹgbẹ́ olórin rock ilẹ̀ wa, gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 yẹn kan náà ni Berkely Jones, Laolu Akins àti Gbenga Odumosu kóra jọ ní Èkó. Kò sí ìtìjú kankan nínú gìtá tí Jones ń ta. Èmi ò sì mọ ìgbà tí a wá pinnu pé gìtá Yorùbá gbọ́dọ̀ máa dún bí ẹni tó wẹ̀ tán lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo ṣe yí gain dé ìdajì, ohun tó kọ́kọ́ dún kì í ṣe gìtá. Iná ni. Ó dún hùùùn, kò sì dá. Gain kò mọ ohun tó jẹ́ orin yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe orin. Ohunkóhun tó bá bá a lẹ́nu ọ̀nà ni yóò gbé sókè. Iná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tó wà nínú ògiri ń tú u sáfẹ́fẹ́, okùn bàbà tí wọ́n wé sínú pickup, ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ okùn gìtá tó ń gba ohùn rẹ̀, sì ń gbà á wọlé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó. Òṣogbo níbí ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí gbogbo iná orílẹ̀-èdè, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ṣọ́ 50 yẹn tọ̀sán tòru kó má lọ sókè jù, kó má wá sílẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń fi ojú wò lára ẹ̀rọ níbẹ̀ ni mò ń fi etí gbọ́ nínú headphone mi.

Ẹni tó bá mọ gìtá á tún rí ohun mìíràn. Èyí tó máa ń pariwo jù nínú hùùùn náà kì í ṣe 50 fúnra rẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ ni, 100. Bí a bá tẹ fúrẹ́ẹ̀tì kẹta (irin tó dábùú ọrùn gìtá) lórí okùn tó nípọn jù, ohùn G tó jáde ń gbọ̀n ní ìgbà 98 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, iná ilẹ̀ wa ń kọ G tó fi díẹ̀ ga ju ti gìtá lọ. Bí orin bá wà ní key G, èèyàn lè má tètè fura sí i. Bó bá wà ní F-sharp, ìjà ni. Ti jẹnẹrétọ̀ tún yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì kékeré gbọ́dọ̀ yípo ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè bá 50 yẹn mu, bí ẹnì kan bá sì tan ẹ̀rọ omi nínú ilé, ẹ́ńjìnnì á rọ̀ díẹ̀, hùùùn náà á sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí iná NEPA bá wà ni mo máa ń gba gìtá sílẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò wọ́n. Mo máa ń yọ ṣájà kúrò lára laptop kí n tó tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀. Ariwo tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò kéré. Mo máa ń yí ara mi lórí àga títí màá fi rí ibi tí hùùùn ti rọlẹ̀ jù, torí pickup tí okùn bàbà kan péré wà nínú rẹ̀ ní ibi tó ti ń gbọ́ iná jù àti ibi tí kò ti gbọ́ ọ. Mo wá ra pickup tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní humbucker, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Alékúwodò sì bá mi sódà rẹ̀ mọ́ ọn. Seth Lover ló ronú rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gibson ní 1955: okùn bàbà méjì tí wọ́n wé ní òdìkejì ara wọn, tí mágínẹ́ẹ̀tì wọn náà dojú kọ òdìkejì. Ariwo iná á wọ méjèèjì, wọn á sì pa á lára ara wọn. Ohùn okùn gìtá nìkan ni yóò kù. Mo ti ń rí humbucker lára gìtá àwọn ẹlòmíràn tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn mọyì rẹ̀ bíi gain tó pọ̀.

Lẹ́yìn iná, oyin. Mo ki wáyà sí send lẹ́yìn áńpù, mo fi wọ inú kọ̀ǹpútà, mo ta kọ́ọ̀dù kan, ohun tí mo gbọ́ dà bí oyin tí wọ́n tì mọ́ inú agolo. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yẹn lè sọ pé áńpù olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, kó tà á lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ohùn tuntun tó ń yọ níbi tí orí ìgbì ti gé yẹn ga lọ réré, sípíkà gìtá ni kì í jẹ́ kí á gbọ́ wọn. Sípíkà oní-ínṣì 12 tí wọ́n ń lò fún gìtá kò fẹ́ràn ohùn tó bá ti kọjá bíi 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Á kàn sọ ọ́ nù. Nítorí náà, kò sí ẹni tó gbọ́ áńpù rock láyé rí tí kì í ṣe pé sípíkà ti yọ ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò fún un.

Bí sípíkà kò bá sí, a ó wá èyí tó dúró fún un. Áńpù mi ní ọ̀kan nínú tó ń ṣiṣẹ́ tí a bá ki headphone, ṣùgbọ́n ó dúdú jù fún mi, bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bo ohùn. Ohun tí mò ń lò ni fáìlì tí wọ́n ń pè ní impulse response. Ẹnì kan níbì kan ti gbé makirofóònù, ó sábà máa ń jẹ́ Shure SM57 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1965, síwájú sípíkà gidi nínú yàrá tó dára, ó ti gba bí sípíkà náà ṣe ń dáhùn sílẹ̀, ó sì ti fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan ní gígùn. Mo fi sínú REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gba orin sílẹ̀, oyin náà sì fò lọ. Ohùn gìtá tó ní àyà, tó ní ikùn, ló kù. Mo jókòó, mo kàn ń ta okùn kan náà ṣáá.

Ìgbà náà ló yé mi pé ó kéré tán, ìdajì owó tí àwọn èèyàn ń ná lórí áńpù ńlá, orí sípíkà àti yàrá ni wọ́n ń ná an. Ohun tó wà nínú áńpù kékeré yìí kò yàtọ̀ púpọ̀. Mi ò sọ pé bákan náà ni o. Ẹni tó ti fi 5150 gidi ta gìtá á mọ ìyàtọ̀ nínú bó ṣe ń dá ọwọ́ lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ orin lórí fóònù nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Gbọ̀ngán kò ní mọ̀.

Wàyí o, kí ni onígìtá jùjú fẹ́ fi ṣe? Mo kọ́kọ́ ta ohun tí ọwọ́ mi mọ̀. Láti ọdún 1949 tí Àyìndé Bàkárè ti gbé gìtá oníná wọ jùjú, ohùn méjì méjì tó ń rìn pọ̀ ni a ti mọ̀ mọ́ ọn, tí ọ̀kan wà ní òkè, tí èkejì sì jìnnà sí i ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Nínú gain, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí ohùn méjì bá jọ wọ ibi tí orí ìgbì ti ń gé, wọ́n á bí ọmọ: èyí tó jẹ́ àròpọ̀ wọn àti èyí tó jẹ́ ìyàtọ̀ wọn. Ohùn A jẹ́ 110, E tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ 165; ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 55, A náà ni, ó kàn lọ sísàlẹ̀ ni. Ọmọ yẹn jọ ìyá rẹ̀, ara gbogbo wọn á sì le. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímétà kì í fi í sábà fi kọ́ọ̀dù ta ju irú ohùn méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi C-sharp tó jẹ́ nǹkan bí 138.6 sí A, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 28.6, bẹ́ẹ̀ A tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 27.5. Kò bá ẹnikẹ́ni mu. Àìbáramu yẹn ni ẹrẹ̀ tí mò ń gbọ́.

Mo wá fi kọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo ń ta okùn kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an wà.

Àwa tí a kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi dò, re àti mí kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn. Bí mo bá fẹ́ kí gìtá pe “Òṣogbo ìlú aró”, ohun tí màá ta ni dò re re, dò mí, re mí. Mo ti ń ta irú rẹ̀ tipẹ́, àwọn èèyàn sì máa ń dá a mọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á náwó. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ pe “ìlú” kí ẹ fetí sí ara yín: “lú” yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lókè. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí “ì” fi í sí, ó wá gòkè lọ bá ibi tó ń lọ. Bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀, a máa ń gùn ún lọ ni, a kì í fò ó. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ti òkè, a máa ń yọ̀ wálẹ̀. Ohun tí dùndún ń ṣe nìyẹn tí àkúbà kò lè ṣe. Onílù á fún osán mọ́ra lẹ́yìn tó ti lu awọ, ohùn á sì máa gòkè lójú ọ̀nà.

Gìtá tó mọ́ kò lè ṣe é dáadáa. Èèyàn lè fi ìka fa okùn, tàbí kó fi yọ̀ láti fúrẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, ohùn ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ á pariwo, òpin á ku díẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìṣòro yìí. Nígbà tí King Sunny Adé mú pedal steel wọ jùjú, tí Adémọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta á, ohun tó mú gbogbo ayé tẹ́tí ni pé gìtá náà ń yọ̀. Mi ò ní pedal steel, owó rẹ̀ kò sì sí lápò mi.

Gain ló bá mi yanjú rẹ̀. Nígbà tí orí ìgbì bá ti kan àjà, bí okùn bá ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí náà ṣì wà lára àjà. Okùn ń kú lọ, ohùn kò tíì mọ̀. Mo ní àyè láti fi ìka ti okùn lọ sókè, kí n dúró níbẹ̀, kí n mì í, kí n dá a padà. “Lú” yẹn gòkè, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń gòkè. Mo tún un ta. Mo ta “Òṣogbo ìlú aró” títí ìyàwó mi fi ní kí n lọ pe orúkọ ìlú mìíràn.

Mo ní kí n gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá àyàn kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí mo máa ń bá pàdé lóde. Mo gbé laptop lọ, mo kí wọn tán, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan.” Wọ́n gbé headphone lé orí fìlà. Mo kọ́kọ́ fi èyí tí mo ta lórí ohùn tó mọ́ sí i. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí.

“Ìwé ló ń kà yìí. Kò sọ̀rọ̀.”

Mo fi èkejì sí i. Wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un fi. Wọ́n wá yọ headphone.

“Òun náà ló pè é yìí. Àmọ́ ‘lú’ yẹn, o tètè dé òkè. Ta ń lé ọ? Ibo ni osán rẹ̀ wà?”

Mo na ìka ọwọ́ òsì mi sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n fọwọ́ kan ibi tó le lórí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìyá ìlù wọn kọ́ èjìká, wọ́n pe gbólóhùn kan náà, wọ́n ní kí n wo apá òsì wọn, kì í ṣe kọ̀ǹgọ́. Òótọ́ ni. Apá yẹn kò sáré rárá. Ó ti ń fún osán bọ̀ kí awọ tó dún tán, ó sì ń lọ lẹ́yìn tó ti dún. Èmi, mo ń ti okùn bí ẹni tó fẹ́ tètè débẹ̀ kí ohùn tó kú, àṣà tí mo kó láti ara gìtá tó mọ́. Ohùn kì í kú mọ́, ìka mi ni kò tíì gbọ́.

Ohun kejì tí mo rí níbẹ̀ ni ṣaworo. Mo ti ń rí i lára ìyá ìlù láti kékeré, mi ò ronú sí i rí. Ide kéékèèké tí wọ́n so yí ojú ìlù ká, tó jẹ́ pé bí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan awọ, gbogbo wọn á máa dún ṣáṣá lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ. Ẹni tó ṣe ìlù yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlù tó mọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi èérí sí i ni. Kí àwọn òyìnbó tó fi abẹ ya sípíkà, àwa ti ń so ide mọ́ ojú ìlù. Mo sọ fún bàbá pé ohun tí áńpù mi ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ ṣaworo tèmi pọ̀ jù, ó ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Wọ́n tọ̀nà. Mo délé, mo dín gain kù. Ó wà níbi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní aago mẹ́wàá báyìí, níwọ̀nba tí ohùn kò fi ní tètè rẹ̀, tí èèyàn á sì ṣì gbọ́ ìgbà tí mo fọwọ́ kan okùn. Tone wà ní àárín. Bí mo bá fẹ́ kó nípọn, mi ò kì í fi gain kún un; màá ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, màá fi ọ̀kan sí etí ọ̀tún, èkejì sí etí òsì. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ọwọ́ àkọ́kọ́ àti ọwọ́ kejì ló ń sọ ọ́ di ńlá.

Ìlú yìí náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú nǹkan báyìí. Ní 1962 ni Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti eléré, bẹ̀rẹ̀ níbí. Ọ̀dọ̀ Dúró Ládípọ̀ ni Jimoh Buraimoh ti ń tan iná eré orí ìtàgé. Oníná ni. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, tí gbogbo ayé sì wá mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Mi ò fi ara mi wé wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ní Òṣogbo bá sọ fún mi pé gìtá métà kò bá dùndún mu, màá ní kó rìn kiri ìlú kó wo ohun tó wà lára ògiri.

Áńpù náà ní àléébù o. Ohùn tó mọ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò dára. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, mi ò sì lè gbé e lọ òde jùjú láéláé. Kò ní ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí láti èyí tó mọ́ sí èyí tó ń bú, nítorí náà ilé ló ń gbé. Bọ́tìnì tone kan ṣoṣo kò tó, ẹni tó bá fẹ́ bass àti treble lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á ní láti ṣe é nínú kọ̀ǹpútà. Tube yẹn sì máa ń dún gbínríngbínrín bí a bá kan tábìlì. Ẹni tí kò bá ní laptop àti audio interface, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, kó má tíì rà á. Ohun tó máa gbọ́ nínú headphone rẹ̀ kò ní jẹ́ kó mọ ohun tó rà. Ẹni tó bá sì ní méjèèjì, kó fi owó tó kù wá humbucker, kó má fi wá áńpù tó tóbi jù ú lọ.

Bàbá àyàn ti ní ká jọ ṣe é pọ̀, gìtá àti ìyá ìlù, gbólóhùn fún gbólóhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni pé ìlù kò ní wáyà. Makirofóònù ló máa gbà á, makirofóònù kò sì ṣeé gbé kalẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wọn máa ń dákẹ́ láàárín aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, tí àwọn ọmọ bá ṣì wà ní ilé ìwé. Mo ti yá makirofóònù, mo ti rí wáyà gígùn. Bátìrì laptop ni mò ń wá báyìí.